Oní-fóòmù Ni Mí, Ṣùgbọ́n Ọmọ Mi Kì Í Sùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin fi ojú mi rí nínú ilé ara mi. Ẹni tó bá ń mu tíì lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ ná, kó má baà gba imú rẹ̀ jáde.

Fóòmù ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Fóòmù, pílò, bẹ́ẹ̀dì onígi, bẹ́ẹ̀dì onírin. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n di fóòmù mọ́ orí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbẹ̀fún tàbí Ayépé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ti rà á. Iṣẹ́ mi ni pé kí àwọn èèyàn sùn dáadáa. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé tí wọ́n bá fi ẹ̀yìn kan fóòmù tèmi, ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n tó mọ̀.

Ilé tèmi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kì í sùn níbẹ̀.

Fárídà ni orúkọ ọmọ mi. Òun nìkan ni Ọlọ́run ṣì fún èmi àti Rásákì, ọkọ mi, a sì dúró pẹ́ kí a tó rí i. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó bímọ, ẹ mọ̀ pé ẹkún ọmọ máa ń dun ún ju ti ẹlòmíì lọ. Fárídà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Á ní òǹgbẹ ń gbẹ òun. Mo gbé omi wá. Á ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un náà ni, kí ni kí n ṣe? Mo mú un lọ. Á ní ẹ̀fọn kan ń pe orúkọ òun. Mo lé ẹ̀fọn. Á dákẹ́ díẹ̀, màá ti rò pé ó parí, màá ti máa yọ́ lọ, àfi kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi tó ń bi mí pé ọmọńlé tó wà lára ògiri yẹn, ṣé ó ti sùn, àti pé ta ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un.

Mo lọ wo ọmọńlé.

Tí oorun bá wá jàjà gbé e lọ, kò ní pẹ́ kó tó tún dìde. Á wá gun bẹ́ẹ̀dì wa, á sùn ní ìbú láàárín èmi àti bàbá rẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ lé bàbá rẹ̀ níhà, á fi orí kàn mí nímú. Ọmọ tí kò tó nǹkan, ẹ wá wo bó ṣe ń gba bẹ́ẹ̀dì ńlá tán! Èmi tí mò ń ta bẹ́ẹ̀dì fún aráyé, etí bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sùn sí.

Àwọn èèyàn gbà mí nímọ̀ràn títí. Aládùúgbò mi kan ní kí n máa fún un ní ẹ̀bà tó le lálẹ́ kí ikùn rẹ̀ lè wúwo. Mo fún un. Agbára tó fi ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì ló lé sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fún un ní oògùn ikọ́ olómi, pé ó máa ń kun ọmọ lóorun. Ìyẹn ni mi ò gbà. Ọmọ tí kò húkọ́, kí ló fẹ́ fi oògùn ikọ́ ṣe? Mo ní kó má sọ irú ẹ̀ fún ẹlòmíì mọ́.

Ẹlòmíì ní kí n dẹ́rù bà á. Mo wá sọ fún Fárídà pé bàbá kan wà tó máa ń gbé àpò ńlá kiri àdúgbò, pé ọmọ tí kò bá sùn ló ń kó sínú rẹ̀. Mo rò pé á ká kò, á di ojú. Rárá o. Ó dìde, ó lọ dúró sídìí fèrèsé, ó ní òun fẹ́ wo inú àpò náà bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ láti kíláàsì àwọn. Ó dúró síbẹ̀ títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí bínú sí mi pé bàbá náà kì í tètè dé.

Ọ̀rọ̀ náà wá bá mi dé ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní kí n kàn fi ẹ̀yìn kan fóòmù tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ yẹ ọjà wò. "Kàn" ni mo sọ o. Nígbà tí mo máa la ojú, ọkùnrin kan àti obìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó ló dúró lé mi lórí. Wọ́n ti dé tipẹ́. Wọn ò jí mi. Wọ́n ti ń tẹ fóòmù náà wò ní ẹ̀gbẹ́ orí mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkùnrin náà ní èyí tí mo sùn lé yẹn gan-an làwọn fẹ́, torí pé ojú àwọn ló ṣe níbẹ̀, àwọn ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Mo nu itọ́ ẹnu mi, mo bá wọn dì í. Ọjà tà, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ilé-ìwé. Tíṣà Fárídà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ọmọ mi máa ń gbórí lé tábìlì sùn nígbà tí àwọn yòókù bá ń kọrin. Kí n tó ṣàlàyé, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun ti bi ọmọ náà léèrè, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Ó ní Fárídà sọ pé ìyá òun ni kì í sùn lóru. Pé á máa rìn kiri inú ilé, á máa tan iná, á máa pa iná, á sì máa bá ọmọńlé sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi wò ó. Ṣé irọ́ ló pa? Kò pa irọ́ kankan! Tíṣà wá ń wò mí bí ẹni tí àdúrà ti yẹ fún.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Ayépé, létí ìyá ọkọ mi. Màmá Ayépé là ń pè wọ́n. Wọ́n ti fi ìgbà kan rí ṣòwò gààrì, àpò àpò ni wọ́n ń tà á, àwọn awakọ̀ pàápàá máa ń bẹ̀rù wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé gba họlidé ni wọ́n dé, pẹ̀lú báàgì aṣọ, tẹ̀súbáà, àti ọ̀rá gààrì ńlá kan. Kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti ní àwọn ò rí irú èyí rí. Wọ́n ní ọmọ mẹ́fà làwọn bí, pé bí àwọn bá ti kírun Ìṣáì tán báyìí, gbogbo wọn á ti sùn lọ fọnfọn, kò sí ẹni tó máa ń ní òun fẹ́ omi.

Wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa lo họlidé náà pẹ̀lú wa. Tí Fárídà kò bá tíì mọ oorun sùn nígbà tí àwọn bá fẹ́ padà, àwọn máa mú un dání lọ sí Ayépé, kó máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kó sì máa lọ sílé-ìwé níbẹ̀.

Mo wo ọkọ mi. Ọ̀rá gààrì ni òun ń wò. Ó ní ohun tí Màmá bá sọ náà ni.

Ẹ̀yin obìnrin, ó yé yín. Ayépé kò jìnnà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo! Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀, mo fọ ojú, mo sì jáde wá dáná alẹ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ìyá ọkọ mi jiyàn, nígbà tí ọmọ mi ń sáré yí pálọ̀ ká níwájú wọn, tó fi àpò pílò ṣe fìlà?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ Fárídà, wọ́n fi òróró pa á lára, wọ́n mú un lọ́wọ́ wọ yàrá. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé àwọn. A gbọ́ àlọ́. A gbọ́ orin. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Rásákì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó lọ bu gààrì Màmá sínú abọ́, ó da omi tútù sí i, ó wọ́n ẹ̀pà lé e. Ó ní ṣebí òun ti mọ̀ pé Màmá á ṣe é. À ń mu gààrì, inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já. Ṣé ẹ mọ irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀? Ọmọ sùn, ó dára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ọwọ́ àwọn nìkan ló ti ń sùn ńkọ́?

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Fárídà ló yọ jáde, ó ń fi ọmọníka ẹsẹ̀ rìn, ó fi ìka kan lé ẹnu.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó sọ fún wa. "Màmá ti sùn."

Ó fi ara há àárín wa, ó na ọwọ́ sí ẹ̀pà.

A dẹtí. Lóòótọ́ ni! Màmá ń han-run nínú yàrá lọ́hùn-ún bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Ọkọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ń jáde lójú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ní àwọn ò sùn rárá, pé àwọn kàn di ojú láti fi tan ọmọ náà ni. Fárídà ní wọ́n han-run. Màmá ní irọ́ ni. Ọmọ bá gbé orí sẹ́yìn, ó han-run fún wa bí Màmá ṣe han-run, títí kan ibi tí wọ́n ti ń súfèé díẹ̀ ní ìparí. Màmá gbé tẹ̀súbáà wọn, wọ́n kọ ojú sí ògiri.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó mú awò ojú Màmá dání bọ̀ wá síta, ó ní òun bọ́ ọ lójú wọn kí wọ́n má baà sùn lé e.

Ni mo bá ní lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, màá yọjú, kí n rí ohun tó ń ṣe fún wọn gan-an. Mo rọra dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọn ò tì pa. Màmá dùbúlẹ̀, Fárídà jókòó tì wọ́n, ó ń fi ọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Àlọ́ ti mú ọ̀fun Màmá gbẹ. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn mu omi díẹ̀.

"Rárá, Màmá," ó dá wọn lóhùn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí òwú. "Ẹ ti mu omi. Ó di àárọ̀."

Màmá sì gbà! Ìyá tí àwọn awakọ̀ ń bẹ̀rù. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n di ojú. Fárídà ò pariwo mọ́ wọn, kò bẹ̀ wọ́n, kò ṣe ìlérí bisikíìtì fún wọn. Ó dìde, ó pa iná.

Gbogbo ohun tí mo ti ń pariwo lé e lórí láti ọjọ́ yìí wá, ó mọ̀ ọ́n! Ó mọ̀ pé ká tó dùbúlẹ̀ là ń mu omi. Ó mọ̀ pé a máa ń pa iná. Kàkà kí n bínú, ẹ̀rín ló gbà mí. Tí òun bá ní rárá, rárá ni. Rárá tèmi ńkọ́? Tó bá ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ti dé pẹ̀lú ife.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Nígbà tó yá, mo rí i tí èjìká wọn ń mì. Ẹ̀rín ni! Wọ́n fi ojúlówó Ìjẹ̀bú sọ ohun kan tí mi ò ní kọ síbí, torí àwọn ọmọdé lè kà á. Wọ́n wá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú Fárídà. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìyá ló wu Fárídà láti jẹ́, àwọn máa ṣe ọmọ fún un.

Lọ́jọ́ náà, Màmá ò jẹ́ kó sùn ní ìrọ̀lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kó máa bá àwọn gbé ìgbálẹ̀, kó máa bá àwọn lé adìyẹ aládùúgbò. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n wọ yàrá, Màmá dùbúlẹ̀, Fárídà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò tíì gbá wọn lẹ́yìn dáadáa tí Màmá fi ní òǹgbẹ ń gbẹ àwọn. Ó ní rárá. Màmá ní ìtọ̀ ń gbọ̀n àwọn. Ó mú wọn lọ́wọ́ lọ, ó mú wọn lọ́wọ́ bọ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ tán, ẹ̀yìn ń yún wọn. Ó bá wọn họ ọ́. Ẹ̀fọn ń pe orúkọ wọn. Ó gbá ẹ̀fọn títí. Màmá wá dákẹ́, wọ́n ń mí bí ẹni tó ti lọ. Fárídà rọra sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó fẹ́ máa bọ̀ wá síta.

"Fárídà," Màmá pè é, "ọmọńlé yẹn, ṣé ó ti jẹun?"

Èmi àti Rásákì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, à ń já ara wa léèékánná kí a má baà bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà gun bẹ́ẹ̀dì padà. Ó gbá wọn lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn," ó wí, ẹkún ti wọ ohùn rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kò rẹ ẹ̀yin ni?"

Kí Màmá tó ronú kan ohun tí wọ́n máa tún bèèrè, ó ti gbórí lé wọn láyà, ó ti sùn lọ.

Nídìí àkàrà àti ògì àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fárídà fúnra rẹ̀ gbé òfin kalẹ̀. Ó ní kí Màmá mu omi, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n gbọ́ àlọ́ kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n dákẹ́. Mo bi í pé ṣé gbogbo ilé ni òfin náà kàn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní títí kan Fárídà? Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó ti mọ̀ pé mo mú òun.

"Ó kàn án díẹ̀," ló sọ.

Díẹ̀ yẹn la fi bẹ̀rẹ̀. Màmá kó lọ sí yàrá kejì. Láti ọjọ́ yẹn, bákan náà là ń ṣe é lálaalẹ́: oúnjẹ, ìwẹ̀, ìtọ̀, omi, àlọ́ kan, kí á pa iná, kí iná ọ̀ọ̀dẹ̀ nìkan máa tàn. Kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá pè mí, màá lọ, màá sọ fún un pé mo wà nítòsí, pé ó di àárọ̀, ó parí. Tó bá wá sórí bẹ́ẹ̀dì wa, màá mú un lọ́wọ́ padà, láìsí ìjà, láìsí ìtàn. Ó kọ́kọ́ sunkún. Ẹkún náà gún mi lọ́kàn, mo sì ń gbé àga tì í ní ẹ̀gbẹ́ kó lè rí mi. Díẹ̀díẹ̀, mo ń sún àga náà súnmọ́ ilẹ̀kùn. Ó rí mi o. Ó ní àga yẹn ń rìn. Mo ní oorun ló ń kùn ún lójú.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́? Rásákì ni! Màá jí láàárọ̀, màá bá ẹsẹ̀ kékeré níhà, bàbá rẹ̀ á ní òun ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Àṣé bí ọmọ bá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, òun ló ń gbé aṣọ ìbora sókè fún un. Màmá ló mú un. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí i, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ẹ̀yìn mi lo ń sùn sí títí ẹsẹ̀ rẹ fi fẹ́ máa gbálẹ̀. Ìwọ ni mo fi mọ̀ pé òru gùn."

Ẹ gbọ́ o. Mo rọra ní, Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa ń sùn fọnfọn? Wọ́n wò mí. Wọ́n ní àwọn ò ka Rásákì mọ́ ọn.

Rásákì ò tún dán an wò mọ́.

Họlidé ti ń parí lọ nígbà tí ìpè ìrun àsùbáà jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo na ọwọ́, mo na ẹsẹ̀, mi ò kan ẹnikẹ́ni. Mo ronú. Ta ló pè mí lóru? Kò sẹ́ni tó pè mí. Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Àyà mi ló já! Mo fò dìde, mo sáré lọ sí yàrá Fárídà. Mo bá ọkọ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti ṣáájú mi débẹ̀. Màmá náà wà níbẹ̀, bùtà àlùwàlá wà lọ́wọ́ wọn.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, à ń dẹtí gbọ́ èémí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó sùn ní ìbú, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, pílò ti bọ́ sílẹ̀. Ó ń mí. Mo na ọwọ́ kí n fi kan iwájú orí rẹ̀, kó ṣáà lè dá mi lójú.

Màmá gbá ọwọ́ mi wálẹ̀.

"Dán an wò," wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "kí n gbé ìwọ lọ sí Ayépé."

Àwọn nìkan ni wọ́n padà lọ. Mo sìn wọ́n dé ibi ọkọ̀, mo bá wọn gbé báàgì. Kí wọ́n tó wọlé sínú ọkọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n má bínú sí ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ lọ́jọ́ tí àwọn dé. Wọ́n ní ilé àwọn ní Ayépé ti dákẹ́ jù. Wọ́n ní nígbà tí àwọn gbọ́ pé ọmọ kan wà tí kì í jẹ́ kí ilé sùn, ó dà bíi pé kí àwọn lọ gbé e.

Mo ní Fárídà á máa wá bá wọn. Ní báyìí, tí ilé-ìwé bá ti pa lọ́jọ́ Jímọ̀, Ayépé ni Fárídà ń lọ, ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Wọ́n ní tó bá dé ọ̀hún, òun ló ń pa iná.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé o. Ọmọ kì í ṣe ọ̀tá oorun. Ó kàn ń ti ògiri wò ni. Tí ògiri bá ń yẹ̀, á máa tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí kò bá yẹ̀, á fẹ̀yìn tì í, á sùn. Ṣùgbọ́n kí gbogbo àgbà inú ilé jẹ́ ògiri kan náà, kí ẹnì kan má máa gbé aṣọ ìbora sókè lẹ́yìn. Mi ò sọ pé gbogbo òru ló ń dára. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tó bá lá àlá búburú, a máa ń lọ gbé e mọ́ra, kò sí òfin kankan lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ọmọ tiyín fi ojú yín rí lórí ọ̀rọ̀ oorun, kí lẹ sì ṣe sí i? Ta ni Rásákì inú ilé tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, Màmá Ayépé ní kí n máa ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn lórí fóònù. Ẹ kàn ṣáà tètè kọ ọ́ lójú ọ̀sán, torí tó bá di alẹ́, a máa ń sùn.